Ìwé Ọgbọ́n àti Ìwé Ìṣirò: Èwo ni Ká Kọ́kọ́ Rà?



Nígbà èwe mi, mo dúró níwájú ẹni tó ń ta ìwé àlòkù ní Agric, ní Ìkòròdú. Ìwé méjì ló wù mí: Republic tí Plato kọ, àti ìwé ìṣirò kan tó kún fún àmì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Owó ọwọ́ mi kò ká ju ọ̀kan lọ. Mo rò pé ti ọlọ́gbọ́n ni Plato, ti akọ̀wé owó ni ìṣirò. Mo ra Plato.

Mo kà á dé apá keje. Níbẹ̀ ni Plato ti là á sílẹ̀ pé àwọn tí yóò ṣe olórí ìlú ní láti fi ọdún 10, láti ọmọ 20 ọdún títí di 30, jinlẹ̀ nínú ìṣirò àti àwọn ìmọ̀ tó bá a tan, kí wọ́n tó fi ọdún 5 kọ́ àríyànjiyàn tó ń wádìí òtítọ́. Ìwé tí mo rà ló rán mi padà sídìí èyí tí mo fi sílẹ̀. Nígbà tí mo débẹ̀, ẹlòmíràn ti rà á lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Èso 8 ni ó wà lára ọ̀pẹ̀lẹ̀; ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣíjú sókè tàbí kí ó dojú délẹ̀. Èso 1, ọ̀nà 2. Èso 2, ọ̀nà 4. Èso 3, ọ̀nà 8. Bí a bá ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀ dé èso 8, 256 ni a ó bá: iye odù Ifá gan-an. Ọmọ awo a sì kọ́kọ́ mọ ojú odù kí ó tó kọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn baba wa kò fi ìṣirò sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọgbọ́n.

Ẹnìkan lè wí pé ìṣirò kò lè sọ fún wa ohun tó tọ́ láti ṣe. Òótọ́ ni. Ẹni tó mọ ìpín, tí kò mọ ẹ̀tọ́, yóò pín ogún ní ìpín tí yóò tú ilé ká. N kò wí pé ọ̀kan ju èkejì lọ. Ètò ni mo ń wí.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí owó yín bá tó ìwé kan péré, ẹ ra ti ìṣirò, nítorí ó ń fẹ́ pẹ́ńsù àti oṣù púpọ̀. Ẹ wá yá ti ọgbọ́n, kí ẹ sì kà á tán.