Ìsinmi Etí Òkun fún Tọmọdé Tàgbà

Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìgbafẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ wa bá àwọn aṣojú sọ ní ìpàdé gbogbogbò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ti owó yíyá, kì í sì í ṣe ti èlé. Ọ̀rọ̀ ìsinmi ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ ọ tán, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ ni pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi wa. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ wa kó àwọn ìdílé láti Ìbàdàn lọ wo òkun ní Àgbádárìgì, a háyà bọ́ọ̀sì, a dáná, a ra omi, a ra bọ́ọ̀lù fún àwọn ọmọdé. A rò pé a ti ṣe ohun gbogbo tán. Nígbà tí a dé ibi tí a ó ti wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, ni a wá rí i pé ìyá àgbà mẹ́ta àti bàbá kan tí orúnkún ń dùn kò lè sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀. Pátákó èbúté ga, ọkọ̀ ń mì, kò sí ohun tí wọn yóò dì mú. A sọ fún wọn pé, "Ẹ jókòó sínú mọ́tò, a ó tètè dé." Nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin ni a lò. Nígbà tí a padà, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà, tí ó wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ dá owó sílẹ̀ ní ọjọ́ tí a dá ẹgbẹ́ wa sílẹ̀, bi wá léèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, báwo ni òkun náà ti rí?" Kò rí òkun rí láyé rẹ̀. Ó ti wá dé ẹnu ọ̀nà, àwa ọmọ rẹ̀ ni a sì fi í sílẹ̀ níta.

Ìyá náà kò bínú, ṣùgbọ́n ojú tì wá. Bàbá tí orúnkún ń dùn náà kú kí a tó tún lọ. Nítorí náà ni a ṣe ní kí á wá sọ ohun tí a ti kọ́ láti ìgbà náà, kí ẹgbẹ́ mìíràn má bàa ṣe àṣìṣe tí a ṣe.

Ohun àkọ́kọ́ ni ibi tí a ó lọ. Gbogbo etí òkun kọ́ ni ó gba àgbà. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Èkó àtijọ́ yóò rántí Bar Beach, níbi tí mọ́tò ti ń gbé ènìyàn dé ẹ̀bá omi gan-an. Bar Beach yẹn kò sí mọ́. Wọ́n ti kó yanrìn kún un, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ìlú tuntun tí wọ́n ń pè ní Eko Atlantic sí. Tarkwa Bay ń bẹ, omi rẹ̀ sì rọ̀ ju ti àwọn etí òkun yòókù lọ, nítorí ògiri òkúta tí ìjọba amúnisìn kọ́ sí ẹnu òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún kí ọkọ̀ ńlá lè rí ọ̀nà wọ Èkó. Ògiri yẹn ń gba ìgbì dúró. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi nìkan ni ó ń gbé èrò débẹ̀. Bákan náà ni erékùṣù Gberefu ní Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ sínú ọkọ̀ òkun: ènìyàn yóò sọdá ọ̀sà, yóò sì tún fẹsẹ̀ rìn nínú yanrìn kí ó tó dé ẹ̀bá òkun.

Àwọn etí òkun tí mọ́tò ń dé wà ní apá Lẹ́kì àti ní ojú ọ̀nà Àgbádárìgì. Irú wọn ni kí ẹgbẹ́ tí ó ní àgbà máa wá. Bí ẹgbẹ́ kan bá sì ní agbára àtikọjá ẹnubodè lọ sí orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà ilẹ̀ ni ó lọ láti inú ìlú Ouidah dé etí òkun, nǹkan bíi kìlómítà 4, níbi tí wọ́n kọ́ ẹnu ọ̀nà ìrántí àwọn ẹrú sí ní ọdún 1995. Ìtàn kan náà ni ti Gberefu àti ti Ouidah, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè wọ ọkọ̀ ojú omi lè rí ti Ouidah. Ibi yòówù kí ẹ yàn, ẹ rán ẹni méjì lọ wò ó ṣáájú. Kí wọ́n má ṣe béèrè lórí tẹlifóònù nìkan. Ẹni tí ó ń gba owó ẹnu ọ̀nà níbì kan sọ fún wa pé "kò sí wàhálà". Nígbà tí a débẹ̀, àtẹ̀gùn mọ́kànlá ni a bá.

Ohun kejì ni yanrìn. Táyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lẹ́sẹ̀ àga oníkẹ̀kẹ́, èyí tí a fi ń ti ẹni tí kò lè rìn, máa ń rì sínú yanrìn gbígbẹ. Bí ẹ bá ń tì í síwájú, táyà kékeré iwájú ni yóò kọ́kọ́ rì. Ẹ yí àga náà padà, kí ẹ máa fà á sẹ́yìn, kí táyà ńlá ṣáájú. Yanrìn tútù tí ó wà nítòsí omi le ju gbígbẹ lọ, ó sì rọrùn láti rìn fún ẹni tí ń tẹ ọ̀pá pẹ̀lú. Ìṣòro ni bí a ó ti kọjá èyí tí ó gbẹ. Káfíńtà kan nínú ẹgbẹ́ wa fi okùn so pátákó pẹlẹbẹ pọ̀ bí ẹní. A ṣe méjì: bí a bá ti kọjá lórí ọ̀kan, a ó ká a, a ó tẹ́ ẹ síwájú èkejì, títí a ó fi dé abẹ́ àgọ́. Ní ti ibi tí ó bá ní àtẹ̀gùn, ìwọ̀n tí a ń lò ni 1 sí 12: bí ibi tí a fẹ́ gùn bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 1, pátákó tí a ó gbé tì í gbọ́dọ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí ó bá kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, yóò dagun jù, ẹni tí ó wà lórí àga lè dojú dé.

Ohun kẹta ni omi fúnra rẹ̀. Òkun wa lágbára, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rín tàn yín. Omi tí ìgbì bá gbé wá sí etíkun gbọ́dọ̀ padà, ojú ọ̀nà tóóró ni ó sì sábà máa ń gbà padà. Ní ojú ọ̀nà yẹn, ìgbì kì í fọ́ púpọ̀, ojú omi a dà bí ẹni pé ó rọlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni òpè yóò rò pé ó dára láti wẹ̀, ibẹ̀ náà ni yóò sì ti gbé e lọ. Ẹni tí omi bá ń fà lọ kò gbọdọ̀ bá a jà tààrà sí etíkun. Kí ó léfòó, kí ó na ọwọ́ sókè pe ènìyàn, bí ó bá sì lè wẹ̀, kí ó wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ lójú ọ̀nà náà. Òfin wa ni pé kò sí ẹni tí yóò wọ omi kọjá orúnkún, níbi tí kò bá sì sí olùṣọ́ omi, a kì í wẹ̀ rárá. Àgbà lè jókòó sórí àga níbi tí omi ti ń lá ẹsẹ̀, kí ẹni méjì alágbára dúró tì í, nítorí ìgbì tí ń padà a máa wa yanrìn kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀. Ọmọdé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní àgbàlagbà kan tí a kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ pé òun ni yóò máa ṣọ́ ọ. "Gbogbo wa ni a ń ṣọ́ wọn" kì í ṣe ìṣọ́. Ohun tí gbogbo ènìyàn ń ṣọ́, ẹnikẹ́ni kò ṣọ́ ọ.

Ohun kẹrin ni oòrùn àti ara àgbà. Kí ẹ dé ní àárọ̀ kùtù, kí ẹ sì wà lábẹ́ ìbòòji láti agogo mọ́kànlá títí di agogo mẹ́rin. Ẹni tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ bọ́ bàtà rìn lórí yanrìn gbígbóná, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè má mọ ìgbóná mọ́, yóò jóná kí ó tó mọ̀. Àwọn kan nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru a máa lé omi jáde lára, nítorí náà kí ẹni tí ń lò ó bi dókítà rẹ̀ léèrè kí a tó lọ. Àwọn àfín wa nílò aṣọ alápá gígùn, fìlà olétí gbòòrò àti ìbòòji ní gbogbo ìgbà.

A tún ṣàkíyèsí ohun kan tí ẹnu kì í sábà gbà sọ. Àwọn ìyá wa kì í mu omi tí a bá gbé fún wọn. A rò pé òǹgbẹ kò gbẹ wọ́n ni. Àṣé wọ́n ń bẹ̀rù àtilọ tọ̀, nítorí kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n lè wọ̀. Láti ìgbà náà, a ń gbé àga kan tí a gé ihò sí ìdí rẹ̀ dání, pẹ̀lú garawa onídèérí àti aṣọ tí a fi ń ká a mọ́. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n ó wà lára ohun tí ó jẹ́ kí àwọn ìyá wa gbádùn ọjọ́ náà.

Àwọn kan yóò wí pé ìjọba ni ó yẹ kí ó ṣe gbogbo èyí. Òótọ́ ni pé òfin wà. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláìlera ní ọdún 2011. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti ṣe àtúnṣe. Ọdún márùn-ún náà ti pé ní 2024. Ó yẹ kí á máa béèrè ẹ̀tọ́ yẹn láìdákẹ́. Ṣùgbọ́n òfin kò lè gbé ìyá wa kọjá nínú yanrìn lọ́la. Ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni yóò gbé e.

Àwọn mìíràn tún wí pé owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ìgbafẹ́, pé owó yíyá ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń fẹ́. A gbà bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yá owó lọ sí etí òkun. Ní ẹgbẹ́ tiwa, ìdílé kọ̀ọ̀kan ń dá owó díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti oṣù kìíní títí di oṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ti dá. Ohun kan ṣoṣo tí a mú láti inú èrè ẹgbẹ́, tí ìpàdé gbogbogbò sì fọwọ́ sí, ni owó ohun èlò àwọn tí kò lè rìn. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ gbogbo àgbáyé ṣe àtúnṣe ìlànà wọn ní Manchester ní ọdún 1995, wọ́n fi ìtọ́jú àwùjọ ṣe ìlànà keje. Bí a kò bá lè tọ́jú àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, àwùjọ wo ni a ó wá tọ́jú?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bẹ̀bẹ̀ fún. Èkíní, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ orúkọ àwọn àgbà àti àwọn aláìlera rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó yan ibi tí yóò lọ, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó ti yàn án tán. Èkejì, kí ẹ bi àwọn fúnra wọn léèrè ohun tí wọ́n ń fẹ́. Ẹlòmíràn lè wí pé ilé ni ó wu òun. Ẹ̀kẹta, kí Àpapọ̀ Ẹgbẹ́ ra àga oníkẹ̀kẹ́ kan tí táyà rẹ̀ fẹ̀, irú èyí tí kì í rì sínú yanrìn, kí ó wà fún yíyá láàárín wa. Ẹgbẹ́ kan kò lè dá a rà fún ọjọ́ kan ṣoṣo lọ́dún. Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, ohun tí a sì ṣe dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nìyẹn.

Ẹ ó fẹ́ mọ̀ bóyá ìyá wa padà rí òkun. Ó rí i. Ní ọdún kejì, a tẹ́ pátákó wa, àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ fà á lọ sí ibi tí omi ti ń lá ẹsẹ̀. Ó jókòó, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó kéré jù di ìka rẹ̀ mú, nítorí ẹ̀rù ìgbì ń bà á. Nígbà tí ó yá, ìyá yíjú sí wa, ó ní, "Ó tóbi ju bí ẹ ti ròyìn rẹ̀ fún mi lọ."

Ẹ̀yin aṣojú, nígbà tí a bá dìbò lórí ọ̀rọ̀ àga yìí, ẹ rántí àwọn tí ó ṣì jókòó sínú mọ́tò.