Ọdún 38 Lẹ́bàá Omi: Àṣàrò Lórí Jòhánù 5:1-16

  A tún pàdé lórí ètò àṣàrò wa ojoojúmọ́. Òní ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ kẹrin nínú Lẹ́ńtì. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ̀yin tí ẹ wà nídìí iná, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa lórí ibùsùn àìsàn, mo kí gbogbo yín. Bí Bíbélì bá wà nítòsí, ẹ ṣí i sí Ìhìnrere Jòhánù, orí karùn-ún, láti ẹsẹ kìíní dé ìkẹrìndínlógún. Mi ò ní kà á láti òkè délẹ̀. Màá sọ ìtàn náà bó ṣe yé mi, ẹ ó wá fi ojú ara yín kà á tó bá yá.

Jésù gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù fún àjọ̀dún kan. Adágún omi kan wà níbẹ̀, lẹ́bàá Ẹnubodè Àgùntàn, tí wọ́n ń pè ní Betesda, ó sì ní ìloro márùn-ún. Nígbà kan, àwọn ọ̀mọ̀wé kan rò pé Jòhánù kàn fi ìloro márùn-ún yẹn ṣe àkàwé ni, pé kò sí ibi tó jọ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wa ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì Ánà Mímọ́ ní Jerúsálẹ́mù ni wọ́n rí adágún ńlá méjì tí ògiri kan là láàárín. Ẹ bá mi kà á: ìloro mẹ́rin ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìkarùn-ún lórí ògiri àárín. Ẹni tó bá dé ọ̀hún lónìí lè dúró lókè kó máa wo kòtò náà nísàlẹ̀. Ibi gidi ni. Àwọn tó sì dùbúlẹ̀ síbẹ̀, afọ́jú, arọ, àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ti rọ, èèyàn gidi ni wọ́n, tí òòrùn ń pa, tí ebi ń pa, tí eṣinṣin ń bà lé lára.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó mọ èdè Hébérù sọ pé ìtumọ̀ Betesda ni ilé àánú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí orúkọ yẹn lára ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwòsàn káàkiri ilẹ̀ wa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo irú àánú tó wà nínú ilé náà.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí Máàsì láàárọ̀ yìí, ẹ ó ti ṣàkíyèsí pé ìwé kíkà fo láti ẹsẹ 3 bọ́ sí ẹsẹ 5. Ẹsẹ 4 ló sọ̀rọ̀ áńgẹ́lì tó máa ń sọ̀kalẹ̀ wá rú omi. Kò sí nínú àwọn ìwé àfọwọ́kọ tó pẹ́ jù lọ, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ Bíbélì òde òní ṣe gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Ó wà nínú Bíbélì Yorùbá àtijọ́ tí àwọn ìyá wa ń gbé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí ẹnikẹ́ni má bá wọn jà lé e lórí. Bí a tiẹ̀ yọ ọ́, ẹsẹ 7 ṣì jẹ́ ká mọ ohun tí àwọn tó wà níbẹ̀ gbàgbọ́: bí omi bá ti rú, ẹni tó bá kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀ ni ara rẹ̀ máa dá.

Ẹni tó kọ́kọ́ wọ inú rẹ̀! Ẹ rò ó wò ná. Ta ni yóò kọ́kọ́ dé inú omi? Ṣé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ ni, àbí ẹni tí ìka ọwọ́ kan ṣoṣo ń dùn? Ẹni tó ní ọmọkùnrin mẹ́ta tó lè gbé e sáré ni yóò ṣáájú. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ le jù ni yóò gbẹ̀yìn nígbà gbogbo. Ẹ mọ irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹ ti rí i níbi tí a ti ń tò láti aago mẹ́rin ìdájí kí dókítà tó dé, tí ẹni tó mọ ẹnì kan nínú ọ́fíìsì yóò wá gba ẹ̀gbẹ́ wọlé ní aago mẹ́sàn-án.

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti ń ṣàìsàn fún ọdún 38. Nínú ìwé Diutarónómì orí 2, ẹsẹ 14, iye ọdún yẹn gan-an ni Ísírẹ́lì fi rìn láti Kadeṣi-Bánéà títí wọ́n fi sọdá odò Séréédì, tí gbogbo ọkùnrin ogun ìran yẹn fi kú tán. Ìran kan odindi. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ti lè di ìyá ọmọ mẹ́fà.

Jésù rí i, ó sì mọ̀ pé ó ti pẹ́ níbẹ̀. Ó wá bi í bóyá ó fẹ́ kí ara òun dá. Mo ti gbọ́ ìwàásù lórí ìbéèrè yìí tó jẹ́ pé ìbáwí ni wọ́n fi ṣe, pé ọkùnrin náà ti gba àìsàn mọ́ra, pé ó ti fi ṣe iṣẹ́. Èmi ò rí ìyẹn níbẹ̀. Ohun tí mo rí ni pé ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ gan-an tí ẹnikẹ́ni ti béèrè ohun tó fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì wo èsì rẹ̀. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun ò ní ẹnì kankan tí yóò gbé òun sínú omi. Àwa tí a máa ń sọ pé èèyàn laṣọ wa, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn gún wa lọ́kàn. Ìhòòhò ni ọkùnrin yìí wà. Àwọn tó gbé e wá lọ́jọ́ kìíní, bóyá wọ́n ti kú, bóyá ó ti rẹ̀ wọ́n. Ó máa ń rẹ èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́jú aláìsàn fún ọdún mẹ́wàá mọ ohun tí mò ń wí, mi ò sì dá yín lẹ́bi.

Jésù ò gbé e sínú omi. Kò sọ̀rọ̀ omi rárá. Ó ní kó dìde, kó ká ẹní rẹ̀, kó máa rìn. Ara ọkùnrin náà sì dá lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ ká jókòó sí lónìí nìyí: níbo ni ìgbàgbọ́ wà nínú ìtàn yìí? Ẹ wá a. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12 nínú Máàkù orí 5, Jésù fúnra rẹ̀ ló sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló mú un lára dá. Bátíméù nínú Máàkù orí 10, bákan náà. Arọ tí wọ́n dá òrùlé lu nítorí rẹ̀ nínú Máàkù orí 2, ìgbàgbọ́ àwọn tó gbé e wá ni Jésù rí. Ṣùgbọ́n ní Betesda, ọkùnrin yìí ò sọ pé òun gbàgbọ́. Ojú rẹ̀ ṣì wà lára omi. Ẹsẹ 13 sọ pé kò tiẹ̀ mọ ẹni tó wo òun sàn. Nígbà tó padà mọ̀ ọ́n, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń wá ẹ̀sùn sí Jésù lẹ́sẹ̀ ló lọ, ó lọ sọ fún wọn pé Jésù ni. Àwọn kan ní ọ̀dàlẹ̀ ni. Lójú tèmi, ó kàn dáhùn ohun tí wọ́n bi í ni. Èyí tó wù kó jẹ́, Jésù ò gba ìwòsàn náà padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo máa ń bá wọn gbé Kọmúníọ̀nù lọ fún àwọn aláìsàn. Lọ́jọ́ kan, mo bá ìyá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ọmọkùnrin náà ti lé ní ogún ọdún, ìrora sì ti mú un láti ọjọ́ mẹ́ta. Ìyá náà ò jẹun, kò sì mu omi. Mo rò pé àìríjẹ ni, àṣé àwọn àlejò kan ti wá gbàdúrà, wọ́n sì sọ fún un kí wọ́n tó lọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó, pé ká ní ó gbàgbọ́ dáadáa ni, ọmọ náà ì bá ti já sílẹ̀ fún un. Ló bá gba ààwẹ̀ gbẹrẹfu. Ó wò mí, ó ní, "Bùrọ̀dá, ṣé èmi ni mo ń pa ọmọ mi?"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Obìnrin tó ti ń sáré ilé ìwòsàn láti ìgbà tí ọmọ ti wà lọ́wọ́, tó mọ iye tábúlẹ́ẹ̀tì tó kù nínú ìgò láìwò ó, òun ni wọ́n tún di ẹrù ẹ̀bi lé lórí. Mo ṣí Jòhánù orí karùn-ún fún un. Mo ní kó bá mi wá ibi tí Jésù ti wọn ìgbàgbọ́ ọkùnrin yìí kó tó wò ó sàn. Ó wá a, kò rí i. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ló bá bi mí ní ìbéèrè tí mi ò tíì gbàgbé: "Àwọn tó kù ńkọ́?"

Ìbéèrè náà tọ́. Ẹsẹ 3 sọ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ aláìsàn ló wà níbẹ̀. Ẹnì kan ni Jésù wò sàn. Ìwé Mímọ́ ò sọ ìdí tó fi jẹ́ ọ̀kan, èmi náà ò ní dọ́gbọ́n sọ ọ́. Èyí tí mo lè sọ ni pé, bí ìgbàgbọ́ kọ́ ló yọ ọ̀kan náà sọ́tọ̀, a ò lè sọ pé àìnígbàgbọ́ ló fi àwọn tó kù sílẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá náà. Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀ ẹ́ kó mu omi, ó sì mu ún.

Ẹnì kan lè sọ pé, ẹsẹ 14 ńkọ́, níbi tí Jésù ti kìlọ̀ fún ọkùnrin náà pé kó má dẹ́ṣẹ̀ mọ́, kí èyí tó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ má bàa bá a? Ó wà níbẹ̀, kò ṣeé fò. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó sọ ọ́: ara ọkùnrin náà ti dá, ó ti wà nínú tẹ́ńpìlì. Jésù ló tún padà rí i níbẹ̀. Kò fi ṣe àdéhùn kó tó wò ó sàn. Ní orí 9, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ béèrè ẹni tó ṣẹ̀ tí wọ́n fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú, Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe òbí rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ 14 lọ sídìí ibùsùn aláìsàn, kó kọ́kọ́ gbé orí 9 dání.

Ọ̀rọ̀ omi àti ìwòsàn kì í ṣe àjèjì sí ilẹ̀ wa. Nígbà tí àrùn lúkúlúkú jà lọ́dún 1918, tó pa èèyàn káàkiri, àwọn ará ìjọ kan ní Ìjẹ̀bú-Òde kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà. Ní 1930, ní Òkè-Ooyè ní Iléṣà, ọ̀pọ̀ èèyàn wọ́ tọ Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ fún àdúrà àti omi. Ọmọ Ìjọ Àgùdà ni mí, àmọ́ mi ò ní fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn tí kò ní ẹnì kan ló pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kiníní tí àwọn míṣọ́nárì láti Britain ń lò wà lára ohun tó dá ìpínyà sílẹ̀. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń rò pé ẹni tó lo oògùn ti já Ọlọ́run kulẹ̀. Ìwé kíkà àkọ́kọ́ ti òní, Ìsíkíẹ́lì orí 47, sọ̀rọ̀ omi tó ń ṣàn láti inú tẹ́ńpìlì àti igi etí odò náà. Ní ẹsẹ 12, èso igi náà wà fún jíjẹ, ewé rẹ̀ wà fún ìwòsàn. Ewé, ẹ̀yin èèyàn mi! Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ lo oògùn yín.

Nǹkan kan ló kù kí n tó dákẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi ni gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Àwọn aláṣẹ rí ọkùnrin náà tó ru ẹní. Ó ṣàlàyé pé ẹni tó wo òun sàn ló ní kí òun rù ú. Wọ́n wá bi í pé ta ló ní kó ru ẹní. Ẹ gbọ́ mi? Wọn ò béèrè ẹni tó wò ó sàn. Lẹ́yìn ọdún 38, ẹni tó lè kí i kú ewu ò sí láàárín wọn. Ẹní nìkan ni wọ́n rí.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Olúwa Jésù, ìwọ tó rí ẹni tí kò ní ẹnì kan, wo àwọn aláìsàn tó ń gbọ́ wa láàárọ̀ yìí. Wo àwọn tó ń tọ́jú wọn tó ti rẹ̀. Fún àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà wa lókun. Ìyá tó bá ń gbọ́ wa tí wọ́n ti di ẹ̀bi lé lórí, sọ ẹrù náà kalẹ̀ fún un lónìí. Àmín.

Lọ́la, ibi tí a dúró sí náà la ó ti bẹ̀rẹ̀, Jòhánù orí karùn-ún, ẹsẹ 17 dé 30. Ó dàárọ̀ ọ̀la o.