Ẹ Ka Àmì Kí Ẹ Tó So Wáyà Mọ́ Bátìrì

Ọ̀rọ̀ bátìrì katakata ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ti rọ̀, ọjọ́ ìtúlẹ̀ ti pé. A yí kọ́kọ́rọ́ katakata. Ó dún "kẹ́", ó dákẹ́. Bátìrì ti kú. Òjò kì í dúró de àgbẹ̀, a ní kí á fi bátìrì mótò jí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ̀ ọ́n ṣe, ó lè fọ́ni lójú, ó sì lè pa ènìyàn.

Kí ni ewu rẹ̀? Ásíìdì wà nínú omi bátìrì. Ó ń jó ara, ó ń jẹ aṣọ. Bátìrì tún máa ń mí afẹ́fẹ́ kan jáde. A kò lè fi ojú rí i, ṣùgbọ́n bí iná bá kàn án, á bú gbàmù. Nítorí náà, ẹ má mu sìgá níbẹ̀. Ẹ má ṣá ìṣáná láti wo inú bátìrì. Ẹ bọ́ òrùka àti aago ọwọ́. Bí bátìrì bá là tàbí tó ń jò, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe mẹ́káníìkì.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ibí yìí ni ìwé yín ti wúlò. Ẹ fi aṣọ tútù nu òkè bátìrì. Ẹ ó rí àmì méjì: + àti −. Àmì àròpọ̀ àti àmì ìyọkúrò tí ẹ kọ́ nínú ìṣirò náà ni. Àwọn kan ń wo àwọ̀ wáyà nìkan, pupa àti dúdú. Àwọ̀ lè tan yín jẹ. Epo dúdú lè bo pupa mọ́lẹ̀. Ẹni tó tún wáyà ṣe sì lè fi àwọ̀ mìíràn sí i. Àmì ni kí ẹ kà.

Ẹ ka nọ́ńbà pẹ̀lú. Bí ti katakata bá jẹ́ 12 V, 12 V ni kí ti mótò jẹ́. Ẹ má so 24 V mọ́ 12 V láé. Bí bátìrì bá jẹ́ méjì lára ọ̀kan nínú wọn, ẹ kọ́kọ́ bi mẹ́káníìkì. Ẹ tún wo wáyà tó ti orí bátìrì lọ sára irin katakata. Orí − ló yẹ kó ti wá. Bó bá jẹ́ orí + ni, bí ó ti rí lára àwọn katakata àtijọ́ kan, ẹ dúró, ẹ pe mẹ́káníìkì.

Ẹ gbé mótò sún mọ́ katakata, kí wọ́n má ṣe kan ara wọn. Ẹ pa àwọn méjèèjì. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ yọ wọ́n kúrò nínú jíà, ẹ sọ ohun ìtúlẹ̀ kalẹ̀. Ẹ wá mú wáyà méjì tó nípọn, tó ní ẹ̀mú lẹ́nu.

1. Wáyà kìíní: ẹ fi ẹnu kan mú orí + bátìrì tó kú.
2. Ẹ fi ẹnu kejì rẹ̀ mú orí + bátìrì tó yè.
3. Wáyà kejì: ẹ fi ẹnu kan mú orí − bátìrì tó yè.
4. Ẹ fi ẹnu tó kù mú irin katakata tí kò ní ọ̀dà, tó jìnnà sí bátìrì àti sí ọ̀nà epo.

Èé ṣe tí ẹnu tó kẹ́yìn kò fi lọ sórí bátìrì tó kú? Nítorí pé ibi tí a so kẹ́yìn ni iná ti ń ta. Bó bá ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì, á ran afẹ́fẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ tan mótò, kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn náà, ẹ gun katakata, ẹ jókòó sórí àga rẹ̀ kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ má dúró nílẹ̀ fi irin kan sítátà láti jí i. Bí katakata bá wà nínú jíà, á sáré síwájú, táyà á sì gun ẹni tó dúró nílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ ka ení títí dé ẹ̀wá. Bí kò bá jí, ẹ jẹ́ kó sinmi fún ìṣẹ́jú 2. Bó bá jí, ẹ tú wáyà láti ẹ̀yìn wá: 4, 3, 2, 1.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ẹ gbé garawa omi mímọ́ sí tòsí. Bí omi bátìrì bá ta sí ẹnìkan lójú, ẹ la ojú náà, ẹ máa da omi sí i fún ìṣẹ́jú 20, kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi ewé tàbí òróró sí i.

Ẹ gé ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí katakata ń sùn. Bí ẹni tó ń wà á kò bá tíì mọ ìwé, ẹ kà á sí i létí. Lọ́jọ́ náà, àmì + àti − tí ẹ kọ́ lálẹ́ ni yóò gba ojú rẹ̀ là.

Oko á dára.