Ewu Tó Wà Nínú Dídá Oògùn Dúró Láìtọ́jọ́

Ní Amẹ́ríkà, ẹni tí oògùn olóró bíi heroin tàbí fentanyl ti di bárakú fún lè máa gba oògùn ìtọ́jú tí ń jẹ́ methadone tàbí buprenorphine. Abẹ́ ahọ́n ni wọ́n sábà máa ń fi buprenorphine sí títí yóò fi yọ́. Méjèèjì ń pa òùngbẹ oògùn olóró, wọn kì í sì í jẹ́ kí ara máa gbọ̀n.

Ibi tí ewu wà rèé. Bí ara bá ti yá díẹ̀, àwọn mìíràn á ní, “Mo ti bọ́,” wọn á sì dá ìtọ́jú dúró. Òùngbẹ lè padà dé, ṣùgbọ́n ara kò lè gba ìwọ̀n oògùn olóró àtijọ́ mọ́. Ìwọ̀n yẹn gan-an lè dá èémí dúró. Ìdí nìyí tí ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìtọ́jú, tàbí lẹ́yìn ẹ̀wọ̀n, fi léwu jù.

Bí ẹnìkan bá tún lo oògùn olóró, kí wọ́n má lé e kúrò nínú ìtọ́jú. Kí dókítà yẹ oògùn rẹ̀ wò, bóyá ìwọ̀n rẹ̀ ló kéré. Kí ará ilé ní naloxone, oògùn tó ń mú èémí padà, nítòsí: bí ẹni náà kò bá mí dáadáa, kí wọ́n fín in sí i nímú, kí wọ́n sì pe 911 kíá.