Ọmọ Tó Mọ Ọwọ́ Wẹ̀: Ẹ̀kọ́ Yunifásítì fún Akẹ́kọ̀ọ́ Girama

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ níbi ìpàdé wọn)

 

Ìbéèrè kan ni ẹ ní kí n dáhùn: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ tó ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ti yunifásítì? Àwọn òbí kan sọ pé ìkánjú ni. Àwọn ọ̀dọ́ kan sọ pé ìfàsẹ́yìn ni kí ẹni tí orí rẹ̀ pé máa dúró de ẹlòmíràn. Èmi sọ pé ó tọ́, ó sì ṣe é ṣe, bí a bá mọ ohun tí a ń wá níbẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, nǹkan yìí ti di àṣà. Láti 1955 ni wọ́n ti ní ètò Advanced Placement, nínú èyí tí akẹ́kọ̀ọ́ girama ń ka iṣẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ yunifásítì nínú kíláàsì rẹ̀, tí ó sì ń ṣe ìdánwò lé e lórí. Ní 1985, ìpínlẹ̀ Minnesota ṣe òfin tó fún àwọn ọmọ ọdún méjì tó kẹ́yìn ní girama láàyè láti lọ jókòó ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ìjọba sì san owó ẹ̀kọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àjèjì ni èyí jẹ́ sí wa. Àwọn bàbá wa mọ HSC dáadáa. Lẹ́yìn Fọ́ọ̀mù karùn-ún, ẹni tó bá yege a tún lo ọdún méjì ní Fọ́ọ̀mù kẹfà, nínú ọgbà girama, pẹ̀lú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe níbẹ̀ kọjá ti girama. Ìdí nìyẹn tí ọdún mẹ́ta fi tó o ní yunifásítì nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, nígbà tí ẹni tí kò ṣe é ń lo mẹ́rin. Ìlànà 6-3-3-4 tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ló lé HSC lọ.

Ilé-kéwú wa pàápàá mọ ọ̀rọ̀ yìí. Ààfáà kì í bi ọmọ pé ọmọ ọdún mélòó ni kí ó tó gbé iṣẹ́ fún un. Ibi tí ó kà dé ni ààfáà ń wò. Ọmọ ọdún mẹ́wàá lè jókòó ti onírùngbọ̀n kí wọ́n jọ máa ka ìwé kan náà. Ṣùgbọ́n ààfáà kì í jẹ́ kí ọmọ fo wàláà tí kò tíì kà tán. Ohun méjèèjì yìí ni kí ẹ dì mú: a kì í dá ọmọ dúró nítorí ọjọ́ orí, a kì í sì í tì í kọjá ohun tí kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹbí mi. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan wà ní SS2 nígbà tí a ní kí ó lọ ṣe GCE. Èmi gan-an ni mo san owó rẹ̀. Ó yege, ó ṣe JAMB, ó sì wọ yunifásítì kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó parí girama. A pa ẹran. Ṣùgbọ́n ìṣírò SS3 tí ó fò kọjá ni iṣẹ́ ọdún kìíní ti ń bẹ̀rẹ̀. Ojú ń tì í láti béèrè, olùkọ́ kò sì mọ orúkọ rẹ̀ láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ. Ó tún ọdún náà ṣe. Àwọn tí ó fi sílẹ̀ ní girama wá bá a níbẹ̀, wọ́n jọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ọdún ni mo ń bá a dín, n kò bá a fi kún ìmọ̀.

Àbúrò rẹ̀ obìnrin kò gba ọ̀nà yẹn. Láti SS2 ni ó ti ń ka ìwé ìṣírò ọdún kìíní yunifásítì lórí fóònù ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó rí i pé òun kò mọ lọ́gárídímù. Ó padà sínú ìwé SS1, ó mú un tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ, olùkọ́ náà sì là á yé e. Èrè tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyí, ẹ̀yin ọ̀dọ́: kí o rí àìmọ̀ rẹ nígbà tí ẹni tí yóò kọ́ ọ ṣì wà nítòsí.

Ẹ jẹ́ kí a tún mọ òfin, kí ẹnikẹ́ni má bàa tàn wá jẹ. Ní oṣù Keje 2024, Ọ̀jọ̀gbọ́n Tahir Mamman, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ nígbà náà, kéde ọdún 18 fún ìwọlé sí yunifásítì. Kí ọdún náà tó parí, Dókítà Tunji Alausa tó gba ipò rẹ̀ dá a padà sí 16. Fún ìgbaniwọlé 2025, JAMB ya ọ̀nà kan sọ́tọ̀ fún ọmọ tí kò tíì pé 16, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ gba 320, ó kéré tán, nínú 400. IJMB tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń bójú tó, àti JUPEB tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, lè gbé ènìyàn wọ ọdún kejì yunifásítì. Síbẹ̀, méjèèjì kò pa kírẹ́dìtì márùn-ún girama rẹ́, kì í sì í ṣe gbogbo yunifásítì ló ń gbà wọ́n. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó wá kí òun bá yín rí máàkì ní ibùdó ìdánwò àrà, olè ni. Ìmọ̀ tí a jí kì í dúró sórí.

Kí ni kí a wá ṣe? Èkíní, ẹ wo àyíká yín. Láti 1896 tí St Andrew's College ti bẹ̀rẹ̀ ni Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ìwọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ wà níbẹ̀, kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni àkànṣe wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Láti 1990 ni LAUTECH ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ń kírun pẹ̀lú wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Kí olúkúlùkù wọn mú ọmọ girama kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí ó máa fi ìwé ọdún kìíní rẹ̀ hàn án fún wákàtí méjì lọ́jọ́ Sátidé.

Èkejì, ẹni tó ní fóònù ní ilé ìkàwé. Yunifásítì NOUN gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. MIT ní Amẹ́ríkà kéde irú rẹ̀ ní 2001. Mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ní ìsinmi kan, kí o sì kà á tán.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin òbí, ẹ má bi ọmọ yín pé ìgbà wo ni yóò parí. Ẹ ní kí ó jókòó, kí ó ṣàlàyé ohun tí ó kà fún yín.

Àwọn àgbà ní ọmọ tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ a bá àgbà jẹun. Wọn kò ní kí ọmọ dúró títí di àgbà, wọn kò sì ní kí ó ti ọwọ́ ẹlẹ́rẹ̀ bọ àwo. Omi wà nílẹ̀, àwo wà nílẹ̀. Ẹ wẹ ọwọ́ yín. Kí Ọlọ́hun fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní. Àmín.