Ojú Tó Wà Lára Kẹ́ẹ̀gì Epo

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà, ẹ má kánjú. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, ẹ tún un kà. Kò sí ẹni tó ń lé yín.

Ẹ̀bá títì ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá ń jáde ní Ṣábẹ̀, yálà ẹ kọjú sí Parakou tàbí ẹ kọjú sí Dassa, ẹ ó rí àwọn tábìlì kéékèèké tí wọ́n to ìgò epo bẹntiróòlù sí. Nítòsí tábìlì náà ni kẹ́ẹ̀gì ńlá máa ń wà, èyí tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní bidon. Nàìjíríà ni epo inú rẹ̀ ti wá, ọ̀nà igbó ló gbà kọjá ààlà. Kpayo ni wọ́n ń pè é. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan: ta ló ti wo irú kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ rí, tó sì rí ojú èèyàn lára rẹ̀?

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ gbé ọ̀kan síwájú yín kí ẹ wò ó dáadáa. Ihò tí a ń gbà da epo sínú rẹ̀, ẹnu nìyẹn. Ibi tí a fi ọwọ́ dì mú láti gbé e, imú nìyẹn. Ẹ ti rí i báyìí, ẹ kò sì ní lè ṣe bí ẹni tí kò rí i mọ́.

Ọmọ Àjàṣẹ́ kan ló kọ́kọ́ fi ojú yẹn hàn wá. Romuald Hazoumè ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọdún 1962, ìran Yorùbá sì ni. Ó ti tó nǹkan bí ogójì ọdún tó ti ń ṣa kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ti lò gbó, tó ń gé e, tó ń fi irun tàbí ìyẹ́ tàbí àkísà kún un, títí yóò fi di ìbòjú. Ojú ìyá arúgbó wà nínú wọn, ojú ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ṣe fáàrí wà níbẹ̀, ojú ẹni tó ń bínú náà kò gbẹ́yìn.

Àwọn kan yóò sọ pé, ‘Ṣé iṣẹ́ ọnà náà nìyí? Iṣẹ́ ọnà ni ti àwọn baba wa tó ń gbẹ́gi.’ Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó yí mi lọ́kàn padà ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ rí, ní Kétu tàbí ní ibòmíràn, kí ni agbẹ́gilére ń gbé sórí ère náà? Ejò wà, ẹyẹ wà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rọ ìránṣọ dé, wọ́n gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Nígbà tí alùpùpù dé, wọ́n gbẹ́ alùpùpù. Ọkọ̀ òfurufú pàápàá ti gun orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ohun tó ń kọjá lójú àwọn èèyàn lójoojúmọ́ ni wọ́n ń gbé lọ sí ojú agbo, kí àwọn èèyàn lè rẹ́rìn-ín, kí wọ́n sì lọ rò ó nílé. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó jẹ́ ogún gbogbo ayé. Ẹni tó fi kẹ́ẹ̀gì ṣe ìbòjú, ọ̀nà àwọn agbẹ́gilére wọ̀nyẹn ló tọ̀, kò yà kúrò níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sídìí epo. Ẹ mọ̀ pé àwọn tó ń gbé e kì í lo kẹ́ẹ̀gì bó ṣe wà. Wọ́n máa ń yá a níná kí ó rọ̀, kí ó wú, kí ó lè gba epo ju ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ a wá fẹ́lẹ́. Wọn a dì í mọ́ alùpùpù lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀, awakọ̀ a wá dà bí ẹni tó jókòó sáàárín ikú. Ọjọ́ tí kẹ́ẹ̀gì kò bá lè gbà á mọ́, a bẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, iná ṣẹ́yọ ní ibi tí wọ́n ń kó irú epo yìí pamọ́ sí ní Sèmè, nítòsí ààlà, èèyàn tó lé ní 30 ló kú. Síbẹ̀, owó epo yìí náà ni ọ̀pọ̀ ilé fi ń ra ìwé fún ọmọ. Èmi kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí rẹ̀.

Nínú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń fẹ́ títí yóò fi bẹ́ yìí ni Hazoumè ti rí ẹrú àtijọ́. Láti 1997 títí di 2005 ló fi ṣe iṣẹ́ ńlá kan tó pè ní La Bouche du Roi. Ibi tí odò Mono ti ń wọ inú òkun nílẹ̀ wa ló ń jẹ́ orúkọ yẹn, ibẹ̀ sì wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó ẹrú lọ. Ó to kẹ́ẹ̀gì 304 sílẹ̀ ní ìrísí ọkọ̀ ojú omi, ẹnu gbogbo wọn là sílẹ̀. Bí àwọn òyìnbó tó ń bá òwò ẹrú jà ṣe ya àwòrán ọkọ̀ ẹrú kan tó ń jẹ́ Brookes, ṣáájú ọdún 1800, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe tò wọ́n. Ìgò ọtí àti owó ẹyọ wà láàárín wọn, nítorí irú ọjà bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ra èèyàn. Ohùn èèyàn ń jáde láti ibẹ̀, èdè Yorùbá sì wà lára èdè tí ẹ ó gbọ́. Ní ìdí ọkọ̀, ojú àwọn ọba méjì ló wà níbẹ̀, òyìnbó kan, aláwọ̀ dúdú kan. Ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Kò di gbogbo ẹ̀bi náà lé àjèjì lórí. Ohun tó mú mi fẹ́ràn iṣẹ́ náà jù nìyẹn.

Ní ọdún 2007, nígbà tó pé 200 ọdún tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó fòpin sí òwò ẹrú wọn, wọ́n gbé ọkọ̀ kẹ́ẹ̀gì yìí kalẹ̀ sí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù, ilé náà sì rà á. Kẹ́ẹ̀gì tí à bá jù sí ààtàn ni o.

Kì í ṣe ẹ̀bá títì nìkan ni àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń rí nǹkan. Ishola Akpo, tó ń fi kámẹ́rà ṣiṣẹ́, inú yàrá ìyá àgbà rẹ̀ ló wọ̀. Àwọn ohun ìdána tí wọ́n fi gbé ìyá náà níyàwó láyé ìgbà kan ló yà ní fọ́tò, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìyẹn náà ló di iṣẹ́ tí àwọn èèyàn ń wò ní ìlú òkèèrè. Ní ọdún 2024, nígbà tí ilẹ̀ Benin kọ́kọ́ ní ilé tirẹ̀ níbi àfihàn ọnà ńlá tó ń wáyé ní Venice ní Ítálì, òun àti Hazoumè wà lára àwọn mẹ́rin tó lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yẹn ló kàn mí jù. Gbogbo yín lẹ gbọ́ nípa ohun 26 tí Faransé dá padà sí Kútọnu ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, àwọn ohun ọba tí ọmọ ogun wọn kó ní Abomey ní 1892. Ogun ló kó ìyẹn lọ. Tèmi, kò sí ogun kankan tó kó o. Ẹni kan tó ń ra nǹkan àtijọ́ kiri abúlé ló dé ẹnu ọ̀nà, mo sì gbé àpótí ìyá àgbà mi fún un, èyí tó gbé wọ ilé ọkọ. Mo fi owó náà ra páànù mẹ́ta. Páànù náà ti dípẹtà báyìí.

Nítorí náà, nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ nípa ọmọkùnrin tó ya ohun ìdána ní fọ́tò yìí, mo mú ìwé àti báírò, mo lọ jókòó ti ìyá mi. Mo ní, ‘Ìyá, kí ló wà nínú àpótí ìyá yín?’ Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní aṣọ òfì kan wà níbẹ̀, ó dárúkọ ẹni tó hun ún. Ó ní dígí kékeré kan wà níbẹ̀, igbá finfin kan sì wà. Mo ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní nǹkan kẹrin wà tí wọ́n fi aṣọ funfun wé, tí ìyá òun máa ń tú ní ọjọ́ ọdún, tí yóò wò ó, tí yóò sì tún un wé. Mo bi í pé kí ni. Ó ronú títí, ó ní òun kò rántí mọ́, pé bóyá bí òun bá rí àpótí náà, òun yóò rántí.