Ẹ́ńjìnnì Iná Lára Kẹ̀kẹ́ Oko

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí ni èyí tí àwọn ọ̀dọ́ àárín yín ń béèrè lemọ́lemọ́: kẹ̀kẹ́ onítáyà gbòòrò tí a fi ẹ́ńjìnnì iná sí nídìí pẹ́dààlì, tí a lè fi kó ẹrù láti oko dé etí títì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré ọmọdé. Láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ ti yọwọ́ nínú ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, owó tí ọlọ́kadà ń gbà kí ó tó gbé àpò gàrí kan kúrò ní abúlé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá àgbẹ̀ pín èrè dọ́gba-dọ́gba. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wo kẹ̀kẹ́ oníná. Ṣùgbọ́n owó ńlá ni bátìrì àti ẹ́ńjìnnì yóò gbà lọ́wọ́ yín, ẹni tó bá sì rà á láì wọn ohun tó yẹ ní wíwọ̀n, irin ni yóò rà sílé.

Kẹ̀kẹ́ tí à ń wí yìí yàtọ̀ sí Raleigh tí àwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko. Táyà Raleigh kò ju íǹṣì kan ààbọ̀ lọ ní fífẹ̀. Ti kẹ̀kẹ́ yìí tó íǹṣì 4, òmíràn sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lórí yìnyín ní Alaska àti lórí iyanrìn ní New Mexico, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀. Ní ọdún 2005, ilé iṣẹ́ Surly ní Minnesota gbé ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Pugsley jáde fún títà, láti ìgbà náà ni ó sì ti tàn kálẹ̀. Ohun tí táyà náà ń ṣe lórí yìnyín ni ó ń ṣe lórí iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ tiwa: ó ń tẹ́ pẹrẹsẹ, kì í rì bọ̀rọ̀.

Kí ó lè tẹ́, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún fọkanáísà yín dáadáa, nítorí ó ti mọ́ ọn lára láti fún táyà ní 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún táyà onííǹṣì 4, 8 sí 15 tó fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Bí ẹrù bá wúwo, ẹ fi díẹ̀ kún un. Bí iyanrìn bá pọ̀, ẹ yọ díẹ̀. Iye tí kò gbọdọ̀ kọjá wà lára táyà fúnra rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé kà á fún yín.

Ó yá, ẹ́ńjìnnì. Oríṣi méjì ló wà lọ́jà. Ọ̀kan ń bẹ nínú họ́ọ̀bù, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Èkejì ni èyí tó ń wọ ìdí pẹ́dààlì. Ti inú họ́ọ̀bù rọrùn láti fi sí i, owó rẹ̀ sì sábà máa ń kéré, ẹni tí ọ̀nà oko rẹ̀ tẹ́jú lè rà á kó sì máa lò ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti dúró ti ẹ̀rọ ìlọkà rí mọ̀ pé bí wọ́n bá da àgbàdo púpọ̀ jù sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà, ohùn rẹ̀ á yí padà, á máa kérora. Bí wọn kò bá dín in kù, ẹ̀rọ á gbóná, á sì kú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti inú họ́ọ̀bù lórí òkè. Kò sí gíà tí ẹ lè pààrọ̀ láàrin òun àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí ẹrù bá fà á sẹ́yìn tó ń yí lọ́ra, iná tó ń wọ inú rẹ̀ yóò máa di ooru, kò ní di agbára.

Ti ìdí pẹ́dààlì ń fa ṣéènì kan náà tí ẹsẹ̀ yín ń fà. Nítorí náà, gbogbo gíà tó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ di tirẹ̀. Bí ẹ bá dé ẹsẹ̀ òkè, ẹ ó bọ́ sí gíà eléyín púpọ̀, kẹ̀kẹ́ á rọra máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ yóò máa yí ní ìwọ̀n tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tó ń gbé ní agbègbè Ìdànrè tàbí Ẹfọ̀n-Alààyè kò nílò àlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èmi fara mọ́ èyí fún ẹni tó ń ru ẹrù.

Ọ̀kan tí àwọn tó ń to kẹ̀kẹ́ fúnra wọn mọ̀ dáadáa ni BBSHD, tí ilé iṣẹ́ Bafang ní ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe. Wáàtì 1000 ni wọ́n kọ sí i, bátìrì fóòtì 48 sì bá a mu. Ibí yìí gan-an ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ọ̀pá ẹ́ńjìnnì yìí ń gba inú páìpù kékeré tó dábùú ìsàlẹ̀ férémù kọjá, níbi tí ọ̀pá pẹ́dààlì wà tẹ́lẹ̀. Gígùn páìpù yẹn kò dọ́gba lára gbogbo kẹ̀kẹ́. Ti kẹ̀kẹ́ lásán jẹ́ mìlímítà 68 tàbí 73. Ti onítáyà gbòòrò sábà máa ń jẹ́ 100, nígbà míì 120. Wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà ní oríṣiríṣi gígùn láti bá wọn mu, àmọ́ bákan náà ni gbogbo wọn rí lójú ẹni tí kò bá wọ̀n wọ́n.

Àgbẹ̀ kan tí mo mọ̀ fi owó kòkó ra ti 68 fún kẹ̀kẹ́ onímìlímítà 100. Nígbà tí wọ́n ti ọ̀pá rẹ̀ bọ inú páìpù, orí rẹ̀ kò yọ sí òdìkejì débi tí wọn yóò fi rí ibi fi nọ́ọ̀tì sí. Ẹni tó tà á kò gbà á padà. Rúlà lásán ì bá gba owó yẹn là. Ẹ wọ̀n ọ́n láti etí páìpù dé etí kejì, kí ẹ má ṣe ka ìfun ọ̀pá pẹ́dààlì mọ́ ọn. Ẹ tún wò ó bóyá ihò páìpù náà ní ẹsẹ tí wọ́n fi ń yí nǹkan wọ inú irin. Bí ó bá ní in, ihò rẹ̀ á gba ọ̀pá náà wẹ́kú. Bí inú rẹ̀ bá ń dán, tó sì fẹ̀, ẹ ó nílò irin ìdíhò kí ẹ́ńjìnnì má baà máa mì nínú rẹ̀.

Fífi í sí i kò le. Ẹ yọ apá pẹ́dààlì, ẹ yọ ọ̀pá àtijọ́, ẹ ti tuntun bọ̀ ọ́ láti apá ọ̀tún, ẹ fi nọ́ọ̀tì dè é ní òsì, ẹ dá apá pẹ́dààlì padà. Nọ́ọ̀tì yìí ni kí ẹ máa ṣọ́. Ó máa ń dẹ̀ lẹ́yìn ìrìn díẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá dẹ̀ tí ẹ kò mọ̀, gbogbo ẹ́ńjìnnì yóò máa yí síwá sẹ́yìn, yóò sì jẹ páìpù férémù. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa fi sípánà kàn án lójoojúmọ́.

Gíà tó wà níwájú, èyí tó máa ń bá BBSHD wá, sábà máa ń ní eyín 46. Ìyẹn dára fún ẹni tó fẹ́ sáré lórí ọ̀dà. Fún ẹrù àti òkè, ẹ wá èyí tó kéré, bíi eléyín 32 sí 36, kí ẹ sì rí i dájú pé ṣéènì lọ tààrà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Lẹ́yìn, mo fara mọ́ gíà 8 tàbí 9 ju 11 tàbí 12 lọ, nítorí ṣéènì wọn nípọn jù. Agbára ẹ́ńjìnnì yìí ju ti ẹsẹ̀ ènìyàn lọ dáadáa, òun ni ó sì ń jẹ ṣéènì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dẹwọ́ iná kí ẹ tó pààrọ̀ gíà, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gun òkè, kì í ṣe lórí òkè.

A dé orí bátìrì, èmi ó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni owó àti ewu ti pàdé.

Ẹ má ṣe ra bátìrì nítorí fóòtì nìkan. BBSHD lè fa áńpíà 30 lẹ́ẹ̀kan náà. Pátákó kékeré kan wà nínú bátìrì lítíọ̀mù tó ń ṣọ́ ọ kí ó má baà gba iná jù tàbí kí ó lò tán jù. Bí pátákó yẹn bá jẹ́ ti áńpíà 15 tàbí 20, yóò máa pa iná ní àárín òkè, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn yín. Ẹ béèrè iye tó lè gbé láìdáwọ́ dúró, kí ẹ sì rí i kà lára rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí yóò ṣe gbé yín jìnnà tó, ẹ fi fóòtì sọ áńpíà wákàtí di púpọ̀. 48 lọ́nà 20 jẹ́ 960. Kẹ̀kẹ́ tó ru ẹrù lórí ilẹ̀ rírọ̀ lè jẹ 20 sí 30 nínú rẹ̀ ní kìlómítà kan. Nítorí náà, 960 á gbé yín tó kìlómítà 32 bí ilẹ̀ bá le, á sì gbé yín kọjá 40 bí ọ̀nà bá dára. Ẹ má ṣe ṣírò dé ìparí. Bátìrì a máa rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ṣájà oníáńpíà 3 yóò lo bíi wákàtí 7 láti kún un. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé lè gbé ṣájà náà, ínfátà sólà náà lè gbé e, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe so pátákó sólà mọ́ bátìrì ní tààrà. Ṣájà tó bá a wá nìkan ni kí ẹ lò: ti bátìrì 48 máa ń dúró ní 54.6, ti 52 máa ń lọ dé 58.8. Ẹni tó bá fi èkejì gba iná sí èkíní ń wá iná ilé.

Iná ilé kì í sì í ṣe àsọdùn. Ní ìlú New York, ní ọdún 2023 nìkan, ènìyàn 18 ló kú nínú iná tí bátìrì lítíọ̀mù dá sílẹ̀, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti kẹ̀kẹ́ àti àwọn ohun ìrìnnà kéékèèké bẹ́ẹ̀. Ìjọba ìlú náà ṣe òfin lọ́dún yẹn kan náà pé kẹ̀kẹ́ oníná tí kò bá ní ẹ̀rí àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ wà lórí àtẹ. Ìlú tí panápaná wọn ń dé ní kíákíá nìyẹn o. Ní abúlé wa, ta ni yóò dé?

Nítorí náà, ẹ má ṣe gba iná sí i nínú yàrá tí ẹ ń sùn, ẹ má ṣe gbé e sí ẹnu ọ̀nà àbájáde, ẹ má sì ṣe gbé e sítòsí àká, àpò kòkó gbígbẹ tàbí kẹ́ẹ̀gì epo. Ìta, lábẹ́ òrùlé tí òjò kò lè dé, lórí sìmẹ́ńtì, ní ọ̀sán tí ojú wà níbẹ̀. Bí ẹ bá ti oko dé tó ń gbóná, ẹ jẹ́ kó tutù ná. Èyí tó bá wú, tó ń rùn, tàbí tí omi wọ̀, ẹ má ṣe gba iná sí i mọ́. Bátìrì tí àwọn kan ń fi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ǹpútà àlòkù jó pọ̀, tí wọ́n ń tà ní ọ̀pọ́ọ́kú, mi ò ní í gbé irú rẹ̀ wọlé tí ìyàwó àti ọmọ mi wà.

Ọ̀rọ̀ ẹrù. Kẹ̀kẹ́ náà, ẹ́ńjìnnì àti bátìrì á wọn bíi kílò 28 sí 30 kí ẹ tó jókòó lé e. Férémù kọ̀ọ̀kan ní iye tó lè gbé, gbọ̀ngbọ̀n ẹ̀yìn náà ní tirẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ wọn kò ju kílò 25 lọ. Àpò ẹ̀gẹ́ kan ti kọjá ìyẹn. Mo rò pé ó sàn kí alájòórìn ṣe ọmọlanke ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ó fi kọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹrù lọ sílẹ̀, kó má wà lókè. Àmọ́ nígbà tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè, ọmọlanke náà yóò máa tì yín. Búréèkì rọ́bà ti àtijọ́ kò lè dá a dúró. Ẹ lo búréèkì alájá irin níwájú àti lẹ́yìn, tó fẹ̀ tó mìlímítà 180, 203 sàn jù, kí ẹ sì fi wáyà tó ń pa ẹ́ńjìnnì bí ẹ bá ti tẹ búréèkì sí i. Ní Yúróòpù, òfin kò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì irú kẹ̀kẹ́ yìí máa ti ènìyàn mọ́ bí ó bá ti dé kìlómítà 25 ní wákàtí kan. Pẹ̀lú ẹrù, èmi kò ní í gun tó bẹ́ẹ̀.

Ti ìdí pẹ́dààlì ní àléébù kan tí àwọn tó ń tà á kì í sábà sọ. Abẹ́ férémù ló rọ̀ sí, kùkùté ojú ọ̀nà oko sì wà ní ìdúró dè é. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irin pẹlẹbẹ bò ó lábẹ́. Bí ẹ bá dé odò tí omi rẹ̀ ga kọjá ìdí pẹ́dààlì, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé e kọjá. Òjò kò ní ṣe é ní nǹkan kan, ṣùgbọ́n rírì sínú omi yàtọ̀.

Ẹni tí oko rẹ̀ kọjá kìlómítà 15, tó ń kó iṣu ọgọ́rọ̀ọ̀rún, kò nílò rẹ̀. Ọ̀kadà tàbí ọkọ̀ àjọrà ẹgbẹ́ ló yẹ ẹ́. Ẹni tí ń kó ewébẹ̀, ẹyin, tòmátì, tàbí kòkó díẹ̀díẹ̀ lọ sí ibi ìwọ̀n, tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 5 sí 10, ni mo ń bá wí. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ lè dáwó jọ ra ẹyọ kan ná, kí ẹ lò ó ní ìgbà òjò kan àti ẹ̀rùn kan, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ ó ra èkejì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, tí a bá wà láyé, bí a ṣe ń yan pátákó sólà àti ínfátà fún ṣájà yìí ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí. Kí ẹ tó gbọ́ ìyẹn, ẹ fi rúlà wọn páìpù kẹ̀kẹ́ yín, kí ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.